Aṣọ Ìrántí: Ohun tí Àwọn Obìnrin Hamburg fi Abẹ́rẹ́ àti Òwú Ṣe fún Àwọn Òkú Wọn

Nínú orí kẹsàn-án ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, nígbà tí Pétérù dé Jọ́pà, tí wọ́n sì mú un gòkè lọ sí yàrá tí wọ́n tẹ́ òkú Dọ́káàsì sí, àwọn opó ló bá níbẹ̀. A máa ń wàásù lórí àánú obìnrin yìí, a sì máa ń wàásù lórí bí ó ṣe jí dìde. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn opó náà ṣe kí Pétérù tó kúnlẹ̀ kì í sábà rí àyè lórí àga ìwàásù. Wọn kò ka ìtàn ìgbésí ayé olóògbé. Ẹ̀wù àti aṣọ tí ó rán nígbà tí ó wà láàyè ni wọ́n gbé jáde, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi wọ́n han àpọ́sítélì náà. Aṣọ ló jẹ́rìí.

Àwọn ọlọ́fọ̀ inú ìjọ wa mọ irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti sin òkú tán, tí àlejò ti lọ, tí àga àti àtíbàbà tí a háyà ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni wọ́n, aṣọ olóògbé ṣì wà lórí ìkọ́, òórùn rẹ̀ sì wà lára wọn. Kí ni kí a ṣe sí i? Ní ilé kan, wọ́n á pín in láàárín àwọn ọmọ àti àwọn àbúrò. Ní ilé mìíràn, wọ́n á dáná sun èyí tí ó wọ̀ lọ́jọ́ ikú. Ní ilé púpọ̀, inú àpótí ni wọ́n ń kó o sí pẹ̀lú káńfọ̀, ọdún á sì máa gorí ọdún láìsí ẹni tí yóò lè ṣí i wò. A sì ti rí ilé tí opó kò ti rí ẹyọ kan mú nínú aṣọ ọkọ rẹ̀ kí àwọn ẹbí tó kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ìwà àìdáa gbáà ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ fi aṣọ bò ó nítorí pé ó wọ́pọ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà, òun ni a fẹ́ ṣàlàyé lónìí: kí ọlọ́fọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ aṣọ di iṣẹ́ ọnà tí a ó fi máa rántí ẹni tó lọ. Kì í ṣe aṣọ ẹbí ni a ń wí. Kì í sì í ṣe ańkárá tí a tẹ àwòrán olóògbé sí. Owó ni a fi ń ra ìwọ̀nyẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni ìlò wọn. A mọ ẹbí tó jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Èyí tí a ń sọ kò fẹ́ owó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ àkókò àti sùúrù. Àpẹẹrẹ tó wú wa lórí jù lọ wá láti Gúúsù Áfíríkà, inú ilé Ọlọ́run ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi í han ayé.

Hamburg tí a ń wí kì í ṣe ti ilẹ̀ Jámánì. Abúlé kékeré ni, ní ìpínlẹ̀ Eastern Cape, níbi tí odò Keiskamma ti wọ inú òkun. Ẹ̀yà Xhosa ni àwọn ará ibẹ̀. Ní ayé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, agbègbè náà wà lábẹ́ Ciskei, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú, tí wọn kò sì fi iṣẹ́ kankan síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin á fi ilé sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ sí ìlú ńlá àti ibi ìwakùsà. Ní ọdún 2000, Carol Hofmeyr, dókítà ìṣègùn tí ó tún kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, kó wá sí abúlé náà. Ó kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n sì kọ́ bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe àwòrán sára aṣọ kí wọ́n lè máa rí owó díẹ̀ fi bọ́ ilé. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ wọn jẹ́ aṣọ tí gígùn rẹ̀ lé ní mítà 100, tí wọ́n fi sọ ìtàn agbègbè wọn, lórí àpẹẹrẹ aṣọ olókìkí tó wà ní Bayeux nílẹ̀ Faransé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Cape Town ni wọ́n gbé e kọ́ sí.

Bí wọ́n ti ń rán aṣọ ni wọ́n ń sin òkú. Àrùn Éèdì ń pa àwọn ọ̀dọ́ abúlé náà, àwọn ọmọ tí wọ́n ti lọ wá iṣẹ́ sí ìlú ńlá ń padà wálé wá kú. Ìjọba orílẹ̀-èdè náà jáfara gidigidi: ọdún 2004 ni oògùn ARV ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ìwòsàn ìjọba, lẹ́yìn àríyànjiyàn tó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Àwọn ìyá àgbà ló wá ń sin ọmọ, àwọn náà ló sì ń tọ́ ọmọ-ọmọ. Òkú ọmọ láyà, ẹkún ọmọ-ọmọ lẹ́yìn.

Hofmeyr ronú kan àwòrán ẹ̀yìn pẹpẹ kan tó ti pẹ́ láyé. Matthias Grünewald, ará Jámánì, ló yà á láàárín ọdún 1512 sí 1516 fún ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Antonine ní Isenheim. Iṣẹ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà ni láti máa tọ́jú àwọn tí iná Antony Mímọ́ ń bá jà, àrùn tí búrẹ́dì tí a fi ọkà tó ti bu ṣe ń fà. Ara aláìsàn á máa jó o bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kú kí wọ́n sì gé wọn. Nígbà tí Grünewald máa ya Jésù lórí àgbélébùú, ó fi egbò sí gbogbo ara rẹ̀, irú èyí tí àwọn aláìsàn náà mọ̀ dáadáa, kí ẹni tí wọ́n bá gbé wá síwájú pẹpẹ lè rí ara rẹ̀ lára Olúwa. Àwòrán náà ní ilẹ̀kùn bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù: bí a bá ṣí èyí tó wà níta, òmíràn á fara hàn; bí a bá tún ṣí ìyẹn, ẹ̀kẹta á jáde. Ó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú Colmar nílẹ̀ Faransé títí di òní.

Àpẹẹrẹ yìí ni àwọn obìnrin Hamburg tẹ̀ lé ní ọdún 2005. Wọ́n lé ní 100. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ àti fọ́tò ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Gíga rẹ̀ lé ní mítà 4, fífẹ̀ rẹ̀ nígbà tí a bá ṣí i tán sì lé ní mítà 6, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí gẹ́gẹ́ bíi ti Isenheim. Lójú ìta, níbi tí Grünewald fi Jésù sí, opó kan ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀, àgbélébùú lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ aláìlóbìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀, níbi tí àwòrán àtijọ́ ti fi ìsìnkú Olúwa hàn, ìsìnkú ọ̀dọ́kùnrin ará abúlé náà kan tí Éèdì pa ni a rí. Bí a bá ṣí ojú kejì, ayọ̀ ló kún ibẹ̀: igi, ẹyẹ, ẹja, màlúù, àwọn ènìyàn abúlé, àti ọkùnrin kan tí gbogbo abúlé mọ̀ sí wòlíì, ẹni tí ó máa ń sáré lórí iyanrìn etí òkun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ya àwòrán síbẹ̀. Òun ni wọ́n fi sí àyè tí àjíǹde wà nínú ti Grünewald.

Ojú kẹta ni fọ́tò wà. Àwọn ìyá àgbà mẹ́ta ni, ní ìwọ̀n gíga ènìyàn gan-an, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Ère igi ló wà ní àyè yìí nínú ti Isenheim. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ni ó bí ọ̀dọ́kùnrin tí a rí ìsìnkú rẹ̀ lójú ìta. Ẹni tó bá ti ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì dé ibẹ̀ yóò rí i pé òkú àti ẹni tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn òkú ni wọ́n jọ wà nínú iṣẹ́ kan náà, ilẹ̀kùn ló wà láàárín wọn.

Inú kàtídírà ìjọ Áńgílíkà ní Grahamstown, ìlú tí wọ́n ti ń pè ní Makhanda láti ọdún 2018, ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní 2005. Ní 2006, wọ́n gbé e lọ sí kàtídírà James Mímọ́ ní Toronto nílẹ̀ Kánádà, ní àkókò tí ìpàdé àgbáyé lórí àrùn Éèdì ń lọ lọ́wọ́ ní ìlú náà. Lẹ́yìn náà ó dé àwọn ìlú mélòó kan ní Amẹ́ríkà.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń bèèrè pé kí ni opó ń ṣe ní àyè Jésù. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Bí ẹnìkan bá gbé irú rẹ̀ wá sí ìjọ tiwa, a kò rò pé Bíṣọ́ọ̀bù yóò gbà á láìwádìí, a kò sì ní dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Àgbélébùú kò kúrò níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì ní kí a kúnlẹ̀ fún opó. Grünewald ló kọ́kọ́ fi egbò aláìsàn sí ara Olúwa. Àwọn obìnrin Hamburg kàn yí ojú ọ̀rọ̀ kan náà padà ni, wọ́n gbé ẹni tó ń jìyà lọ sí ẹsẹ̀ àgbélébùú. Olúwa fúnra rẹ̀ ló sọ pé ohun tí a bá ṣe sí ẹni tó kéré jù lọ, òun ni a ṣe é sí.

Ṣáájú Hamburg, àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi aṣọ rántí òkú Éèdì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1985, Cleve Jones ní kí àwọn tó ń yan lójú pópó ní San Francisco kọ orúkọ àwọn ènìyàn wọn tó ti kú sórí káàdì, wọ́n sì lẹ àwọn káàdì náà mọ́ ara ògiri ilé ìjọba kan. Nígbà tí ó wò ó lókèèrè, ó dà bí aṣọ ìbora tí àwọn ìyá àgbà ń fi àjákù rán. Láti ibẹ̀ ni ó ti wá di aṣọ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1987, wọ́n tẹ́ ẹyọ 1,920 sórí pápá ńlá ní Washington. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn àti 3 ní fífẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n sàréè. Ó ti tó nǹkan bí 50,000 ẹyọ báyìí, orúkọ tó wà lára wọn lé ní 110,000. Ṣẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnnì àti ohun ìṣeré ọmọdé wà lára wọn.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kan àwa náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkú wọ̀nyẹn ni ẹbí kọ̀, tí àwọn ilé ìtọ́jú òkú kan kò sì fẹ́ fọwọ́ kàn. Ìjọ mìíràn kò gbà láti sin wọ́n. Nílẹ̀ tiwa, “lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́” ni à ń kọ sínú ìwé ìkéde, gbogbo ènìyàn á sì mọ ohun tí a kò kọ. Orúkọ “kògbóògùn” tí a fún àrùn náà tún dá kún un: oògùn tí yóò lé e kúrò lára pátápátá kò tíì sí, ṣùgbọ́n oògùn tó ń dá a dúró ti wà fún ọdún púpọ̀, ẹni tó ń lò ó déédéé sì lè dàgbà darúgbó. Kí a rán orúkọ irú olóògbé bẹ́ẹ̀ sára aṣọ, ní gbangba, láàárín orúkọ àwọn ìyàwó àlùfáà àti àwọn bàbá ìjọ, iṣẹ́ tó le ni. Òun ni a rò pé ó yẹ kí ìjọ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a tún mẹ́nu kan Chile díẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba níbẹ̀ ní 1973, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ tí a kò rí mọ́. Àwọn ìyá àti ìyàwó wọn ń rán àwòrán ohun tó ṣẹlẹ̀ sára aṣọ àpò, nígbà mìíràn láti ara aṣọ ẹni tó sọnù gan-an. Ẹ̀ka ìjọ Kátólíìkì tí Kádínà Raúl Silva Henríquez dá sílẹ̀ ní Santiago ní 1976 ló ń fún wọn ní àyè, tó ń ra iṣẹ́ wọn, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun níbi tí àwọn ológun kò lè dé. Wọn kò ní òkú tí wọn yóò sin. Aṣọ nìkan ló kù fún wọn.

Nígbà tí a bá sọ irú nǹkan báyìí láàárín Yorùbá, ọ̀rọ̀ egúngún kì í pẹ́ jáde. Ẹni tó mọ ẹ̀kú mọ̀ pé aṣọ lórí aṣọ ni, tí àwọn ọmọ ìdílé ń fi kún un láti ìran dé ìran. Àwọn Bùnú ní ìpínlẹ̀ Kogí náà ní aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò, tí wọ́n ń lò nígbà ìsìnkú ìjòyè. Elisha Renne kọ ìwé lórí aṣọ àwọn Bùnú ní 1995. A kò ní ṣe bí ẹni pé kò sí ìjọra. Àwọn baba wa mọ̀ pé aṣọ ń gbé ìrántí ènìyàn, ìmọ̀ yẹn kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbé ẹ̀kú wọ̀ ń dúró gẹ́gẹ́ bí ará ọ̀run tó padà wá bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ wò. Aṣọ ìrántí kò ní agò, ẹnikẹ́ni kì í bọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. A gbé e kọ́, a wò ó, a rántí.

Nísinsìnyí, bí a ti ń ṣe é. Ohun àkọ́kọ́ ni kí gbogbo ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí aṣọ náà fohùn ṣọ̀kan, kí opó tàbí ọkọ tó ṣẹ́ kù sì kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Àlùmọ́gàjí kì í tọrọ àforíjì. Ẹ ya fọ́tò aṣọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gé e. Sányán, ẹtù àti àlàárì tó jẹ́ ogún ìdílé, ẹ má gé wọn rárá; aṣọ ilé ni kí ẹ lò, bùbá tí ó máa ń wọ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìró tí ó fi ń pọn ọmọ, ṣẹ́ẹ̀tì tí ó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ló mọ ara rẹ̀ jù.

Ẹ fọ̀ wọ́n pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le. Àdìrẹ alárò máa ń yọ àwọ̀, nítorí náà ẹ fọ òun nìkan, lọ́pọ̀ ìgbà, títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn ọlọ́fọ̀ kan kò ní fẹ́ kí òórùn olóògbé lọ tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ẹyọ kan tí a kò fọ̀ sọ́tọ̀. Aṣọ òkè máa ń tú létí bí a bá gé e, léèsì sì máa ń fà. Ẹ fi aṣọ funfun tó nípọn díẹ̀ tẹ́ ẹ̀yìn wọn, kí ẹ ká etí wọn wọlé kí ẹ tó rán an. Ańkárá ló rọrùn jù fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rí. Bí iṣẹ́ náà bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ìrọ̀rí kan. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó fi òwú tẹ̀ lé e. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ni ó dára jù, kì í ṣe oyè rẹ̀ nìkan. Bí àpò bá wà lára ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ má tú u. Àwọn ọmọ lè kọ lẹ́tà sínú rẹ̀.

Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ fún télọ̀. Máṣíìnì lè so àwọn ẹyọ pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojú rẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ sì jókòó pọ̀ ṣe é bí ó bá ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kò lè sọ nígbà tí àlùfáà wá kí i, yóò sọ ọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ bá wà lára abẹ́rẹ́, tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì àti Ẹgbẹ́ Ìyá tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lè ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ lóṣù fún èyí. Kí wọ́n pe àwọn ọkùnrin pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú kò ní ibì kankan tí yóò gbé ẹkún rẹ̀ lọ.

Sí ẹ̀yin àlùfáà: bí ẹ bá fẹ́ gbé aṣọ ìrántí kọ́ sínú ilé ìjọsìn, ìsìn ìrántí àwọn olóògbé ní oṣù kọkànlá ni àkókò tó bá a mu jù. Kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má fi owó dá ipò orúkọ, kí ti olówó má tóbi ju ti tálákà lọ. Ẹ má sì kọ ohun tó pa ẹnikẹ́ni sí i láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Fún ìtọ́jú rẹ̀, ẹ rán ojú-ọ̀nà ọ̀pá sí ẹ̀yìn rẹ̀ lókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ìwọ̀n rẹ̀ má bàa fà á ya níbi kan ṣoṣo. Oòrùn á ṣá àdìrẹ, nítorí náà ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé. Bí ẹ bá fẹ́ fi í pamọ́, ẹ ká a roboto bí ẹní dípò kí ẹ ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ sì fi aṣọ funfun wé e. Ọ̀rá máa ń mú kí ó bu nígbà òjò. Àjákù tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má tíì dà á nù. Ọmọ tó wà lókè òkun lè wálé lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó sì bèèrè èyí tó jẹ́ tirẹ̀.